Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Gbígbọ́ Orin Jáàsì-Fọ́ǹkì àti Dídábàá Rẹ̀ fún Ara Wa ní Abẹ́òkúta

Àwa kan wà ní Abẹ́òkúta tí a fẹ́ràn orin jáàsì-fọ́ǹkì. A máa ń dábàá orin fún ara wa, a máa ń sọ èyí tó wù wá àti èyí tí kò wọ̀ wá létí, nígbà mìíràn títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àárín wa sábà máa ń béèrè àwọn ìbéèrè kan náà, ìdí sì nìyí tí mo fi kó wọn jọ síbí pẹ̀lú ìdáhùn. Ohun tó bá jẹ́ ìtàn, mo sọ ọ́ bí ìtàn. Ohun tó bá jẹ́ èrò ọkàn mi, n kò fi bò, ẹni tí kò bá sì gbà á lè ta kò mí, bó bá ṣáà ti lè tọ́ka sí ohun tí etí tirẹ̀ gbọ́.

Irú orin wo gan-an ni jáàsì-fọ́ǹkì?

Orin tí àwọn eléré jáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín ìparí àwọn ọdún 1960 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni, nígbà tí wọ́n gbé ọgbọ́n jáàsì lé orí ìlù fọ́ǹkì. Jáàsì ló ni ọgbọ́n pé kí eléré máa dá ohùn tuntun sílẹ̀ lójú agbo, láìjẹ́ pé ó ti kọ ọ́ sínú ìwé tẹ́lẹ̀. Fọ́ǹkì, tí James Brown àti àwọn onílù rẹ̀ sọ di ńlá, ló ni ìlù tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ẹ gbé orin James Brown kan láti ìparí àwọn ọdún 1960 sí i, kí ẹ fi àtẹ́wọ́ ka ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin tẹ̀ lé e. Ẹ ó rí i pé orí ọ̀kan ni básì, ìlù àti fèrè ti ń pàdé, lẹ́yìn náà ni oníkálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ títí ọ̀kan mìíràn á fi dé. Orí ìpàdé yẹn ni eléré jáàsì wá gbé sólò rẹ̀ lé, ìyẹn àyè tí ẹnì kan ti ń dá ohun èlò rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí àwọn yòókù ń gbè é lẹ́yìn. Wọ́n gbé básì ńlá onígi tì sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n mú gìtá básì oníná, wọ́n mú dùùrù oníná àti síntẹ̀sáísà, ẹ̀rọ bíi dùùrù tó ń fi iná dá oríṣiríṣi ohùn, orin náà sì di èyí tí a lè jókòó gbọ́, tí a sì lè dìde jó.

Orin wo ni ẹ ó ní kí n kọ́kọ́ gbọ́?

Tí ẹ bá bi mí, n ó ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí Head Hunters, àwo tí Herbie Hancock, onídùùrù ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1973. Orin mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀. Hancock ti wà lọ́dọ̀ Miles Davis, ọ̀gá onítìróńpẹ́ẹ̀tì jáàsì, láti ọdún 1963 títí di ọdún 1968, nítorí náà kò sí ẹni tó lè ní kò mọ jáàsì. Síbẹ̀, nígbà tó fẹ́ ṣe àwo yìí, àwọn tó mọ ìlù ijó ló kó jọ: Bennie Maupin lórí sáksófóònù àti àwọn fèrè mìíràn, Paul Jackson lórí básì, Harvey Mason lórí ìlù jáàsì, ìyẹn irú èyí tí wọ́n ń jókòó lù ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti Bill Summers lórí àwọn ìlù àti ohun èlò àfọwọ́lù.

Kò sí onígìtá nínú wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tí ẹ ó gbọ́ bí ẹni pé gìtá ni nínú orin àkọ́kọ́, “Chameleon”, básì Paul Jackson ni, tó ń ta á lókè níbi tí okùn ti ń dún tín-ín-rín. Ohùn ìsàlẹ̀ tó ṣí orin náà, tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú kan náà, Hancock fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ lórí síntẹ̀sáísà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ orin náà fún ohùn ìsàlẹ̀ yìí nìkan, kí ẹ má ka nǹkan mìíràn sí. Nígbà tí ẹ bá tún padà sí i, kí ẹ gbọ́ ọwọ́ Harvey Mason, bó ṣe ń yọ ìró kékeré sí àárín ìró ńlá. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ wá jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọlé pọ̀. Orin náà gba ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 41, ó sì máa ń yí padà nígbà tó bá tó nǹkan bí ìdajì: ohùn ìsàlẹ̀ tí etí ti mọ̀ á lọ, ìlù á gbé ìrìn mìíràn wọ̀, dùùrù oníná Hancock á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó sọ fún mi pé orin yìí ń sú àwọn, wọ́n ti pa á kí ó tó dé ibẹ̀.

Ẹ tún wo orúkọ àwọn ohun èlò tí wọ́n kọ fún Bill Summers lára àwo náà. Agogo wà níbẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀. Inú mi máa ń dùn nígbàkígbà tí mo bá tọ́ka sí i fún ẹni tó ń sọ pé orin àjèjì ni à ń gbọ́. Ohùn fífẹ́ tó sì ṣí “Watermelon Man” nínú àwo kan náà, ìgò bíà ni Summers ń fẹ́ ẹnu sí, tó fi ń ṣe bíi fèrè àwọn Ba-Benzélé ti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Lọ́dún 2007, Ilé Ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi àwo náà kún àwọn ohùn tí wọ́n ń pa mọ́ fún ìran tó ń bọ̀.

Kí ló dé tí àwọn orin yìí fi ń gùn tó bẹ́ẹ̀?

Ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá máa ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, eléré tó bá sì fẹ́ kí ìlù mú ara kí sólò tó bẹ̀rẹ̀ nílò àyè. Ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ Ebenezer Obey, ẹni tí ìran rẹ̀ ti Abẹ́òkúta wá, tàbí King Sunny Adé ní àwọn ọdún 1970 mọ̀ pé ojú kan àwo lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tó ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn láìdúró. Etí wa ti mọ orin gígùn tipẹ́. Fóònù ló ń kọ́ wa láti máa fò.

Kò sí ọ̀rọ̀ nínú púpọ̀ wọn. Kí ni mo fẹ́ máa gbọ́ níbẹ̀?

Ẹni tó bá ti dúró rí níbi tí onígángan ti ń ki ènìyàn láìya ẹnu ti ní ìdáhùn ìbéèrè yìí lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé gángan ń tẹ̀ lé ohùn èdè wa, a sì mọ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí sáksófóònù jáàsì kò ní ọ̀rọ̀ kan pàtó tó ń sọ. Ṣùgbọ́n ó ní gbólóhùn. Ẹ gbọ́ ibi tí eléré ti mí, ibi tó ti tún ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sọ, àti ibi tó ti yí ìparí rẹ̀ padà. Ẹ gbọ́ bí onílù ṣe ń dá a lóhùn. Bí ẹ bá lè sọ lẹ́yìn orin pé, “Onídùùrù sọ nǹkan kan, onífèrè sì gbà á lẹ́nu rẹ̀,” ẹ ti gbọ́ orin náà.

Báwo ni kí n ṣe dábàá orin fún àwọn yòókù?

Ìbéèrè yìí ló ká mi lára jù lọ, nítorí inú ìdáhùn rẹ̀ ni gbogbo ìgbádùn àjọgbọ́ wa wà. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí ẹnì kan da orúkọ orin mẹ́wàá sílẹ̀, kó ní, “Ẹ gbọ́ wọn o, wọ́n dùn gan-an,” kó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó máa ń gbọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Orin kan ṣoṣo tó. Kí ẹ sọ orúkọ orin àti ti ẹni tó ṣe é, kí ẹ sọ ọdún rẹ̀, kí ẹ sọ bóyá inú sítúdíò ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ tàbí ojú agbo, nítorí ẹ̀dà méjì orin kan lè yàtọ̀ síra wọn pátápátá. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ ìṣẹ́jú tí ohun tó mú yín ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó ṣe é, àti ohun tó ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ta kò yín á mọ ibi tí ó ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ gbà yín gbọ́ á mọ ibi tí ó máa fi etí sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Arákùnrin kan tó ń lu ìlù jáàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ìhà Ìjẹmọ̀ dábàá orin Fẹlá kan fún wa nítorí Tony Allen tó wà lórí ìlù. Kò sọ pé ó dùn. Ohun tó sọ ni pé: “Ẹ má tíì gbọ́ ìlù ńlá tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Háí-háàtì ni kí ẹ gbọ́, àwo irin méjì tó ń pàdé lápá òsì rẹ̀ yẹn. Ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí ibi tí ó ti ṣí i lẹ́ẹ̀mejì léra wọn lọ́nà kan náà.” Gbogbo wa lọ gbọ́ ọ. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tí ọmọ rẹ̀ ló mú un wá sáàárín wa, fi ohùn ránṣẹ́ padà pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Mo gbọ́ àwo irin náà, ó ń yí bí ẹ ṣe wí. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀? Òun kò yí rárá. Òun ló di orin mú kí àwo irin yín tó ráyè ṣeré.” Kò sí ohun tí mo gbọ́ lórí orin yẹn tó la etí mi bíi gbólóhùn Ìyá.

Ṣé orin Fẹlá wà lára jáàsì-fọ́ǹkì?

Àríyànjiyàn kò tíì parí lórí èyí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò rọrùn láti dá a dúró ní Abẹ́òkúta, ìlú tí wọ́n ti bí Fẹlá ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1938, tí bàbá rẹ̀, Ẹni-ọ̀wọ̀ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Abeokuta Grammar School. Èrò tèmi ni pé Afrobeat, irú orin tí Fẹlá dá sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ka jáàsì-fọ́ǹkì. Ilé tirẹ̀ ló kọ́. Ṣùgbọ́n ilé méjèèjì pín ògiri.

Ẹ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Fẹlá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1958, ó sì kọ́ orin ní Trinity College of Music. Nígbà tó padà dé, ó ń da háíláìfù pọ̀ mọ́ jáàsì pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, Koola Lobitos. Lọ́dún 1969, wọ́n lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n pẹ́ ní Los Angeles, ibẹ̀ ló sì ti pàdé Sandra Smith, tó ṣí ojú rẹ̀ sí ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Orin tó gbé bọ̀ kò rí bí èyí tó gbé lọ. Nígbà tí àwọn eléré jáàsì Amẹ́ríkà ń kọ́ bí a ṣe ń dúró sí orí ìlù kan pẹ́, Fẹlá náà ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìlù tirẹ̀ ti ilé wá: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kóńgà, igi lílù, gìtá méjì tó ń wé mọ́ ara wọn, àti Tony Allen tó ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ ohun mẹ́rin.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìhà jáàsì rẹ̀, kí ó gbé “Water No Get Enemy” ti ọdún 1975 sí i. Ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú ni fèrè àti dùùrù oníná fi ń sọ̀rọ̀ kí Fẹlá tó kọrin. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbọ́ ibi tí ilé méjèèjì ti pàdé ní gbangba, kí ó wá Music of Many Colours ti ọdún 1980, tí Fẹlá àti Roy Ayers jọ ṣe. Roy Ayers, ọmọ Los Angeles, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àgbà jáàsì-fọ́ǹkì. Fáíbúráfóònù ni ohun èlò rẹ̀, àwọn pákó irin tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù. Ó wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1979, òun àti Fẹlá sì jọ ṣeré káàkiri. Ojú kan àwo náà jẹ́ ti Ayers, ojú kejì jẹ́ ti Fẹlá, ẹgbẹ́ Fẹlá ló sì wà lẹ́yìn. Ẹ gbọ́ ojú méjèèjì ní ìjókòó kan, kí ẹ wá sọ fún mi èyí tó dì mú yín jù. Ojú ti Fẹlá ni mo yàn, nítorí kò kánjú, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tí n kò lè bá jiyàn borí tó yan ti Ayers. Oṣù kẹta ọdún 2025 ni Ayers kú.

Àwọn kan ní jáàsì-fọ́ǹkì kì í ṣe jáàsì gidi. Kí ni ẹ rí sí i?

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Donald Byrd, onítìróńpẹ́ẹ̀tì tó tún jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Howard, gbé Black Byrd jáde lọ́dún 1973, ó sì tà ju àwo èyíkéyìí tí ilé iṣẹ́ Blue Note ti ṣe títí di ìgbà náà lọ. Àwọn alárìíwísí bínú. Wọ́n ní ó ta jáàsì nítorí owó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Howard sì di ẹgbẹ́ The Blackbyrds. Èmi gbà pé tìróńpẹ́ẹ̀tì Byrd nínú àwo yẹn kò ṣiṣẹ́ tó bí ó ti ṣe nínú àwọn àwo rẹ̀ àtijọ́, n kò sì ní tìtorí pé mo fẹ́ràn ìlù rẹ̀ sẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan sọ pé orin kì í ṣe gidi nítorí pé ó ń mú ènìyàn jó, ẹni tó bá dàgbà sáàárín Ẹ̀gbá kò gbọdọ̀ gbà á. Kò sí ìgbà kan tí orin ọlọ́gbọ́n àti orin ijó jẹ́ ọ̀tá ara wọn lọ́dọ̀ wa.

Ẹ bi ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ pé orin wo, ìṣẹ́jú wo, eléré wo. Bó bá lè dáhùn, ẹ jókòó tì í, ẹ̀kọ́ wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọdé ni mí láàárín yín. Ṣé mo lè sọ pé n kò gba orin tí àgbà kan dábàá?

Ẹ lè sọ ọ́. A ní àwọn bàbá tí wọ́n ra rẹ́kọ́ọ̀dù wọ̀nyí nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, a sì ní àwọn ọ̀dọ́ tí inú fóònù ni wọ́n ti kọ́kọ́ bá wọn pàdé. Kí ọ̀dọ́ kí àgbà bó ti yẹ, kí ó dúpẹ́ orin tí wọ́n fún un, kí ó sì sọ ohun tí kò wọ̀ ọ́ létí pẹ̀lú ibi tó wà nínú orin. “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Mo gbọ́ orin náà dé òpin. Sólò gìtá ìparí yẹn gùn jù létí mi, sà, kò fi nǹkan kan kún ohun tí fèrè ti sọ.” Kò sí àfojúdi kankan nínú èyí. Àfojúdi ni kí ènìyàn ní orin bàbá ti di ògbólógbòó láìtíì gbọ́ ọ. Àwọn àgbà náà ní ojúṣe tiwọn: kí wọ́n má fi ọjọ́ orí dáhùn ohun tí a fi etí béèrè.

Mo ń lu kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé èrè kan wà fún mi nínú orin yìí?

Ó wà, ó sì pọ̀. Ẹ lọ wo eré tí ẹgbẹ́ Snarky Puppy gbà sílẹ̀ ní ìlú Utrecht ní Netherlands fún àwo We Like It Here, tó jáde lọ́dún 2014. Àwọn òǹwòran jókòó sí àárín àwọn eléré, tí oníkálukú wọn fi ẹ̀rọ ìgbọ́rin bo etí. Nínú orin “Lingus”, Cory Henry, tí wọ́n fi dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tọ́ dàgbà ní Brooklyn, gbé sólò kan kalẹ̀ tí ọ̀pọ̀ onídùùrù ti gbìyànjú láti há sórí. Michael League tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Texas máa ń sọ ní gbangba pé àárín àwọn eléré ìhìnrere aláwọ̀ dúdú ní Dallas ni òun ti kọ́ bí ìlù ṣe yẹ kó rí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ kì í ṣe eré ìka. Ẹ wo bí Henry ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn díẹ̀, tó ń fi ohùn àjèjì sí i díẹ̀díẹ̀, tí kò sì já ìlù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ṣọ́ọ̀ṣì àti orin yìí jìnnà síra wọn nílùú yìí. Bàbá àgbà Fẹlá, Ẹni-ọ̀wọ̀ Josiah Jesse Ransome-Kútì, gba àwọn orin ìyìn ní èdè Yorùbá sílẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wo ló yẹ kí n mọ̀ yàtọ̀ sí Fẹlá?

Orlando Julius ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ó ti gbé Super Afro Soul jáde lọ́dún 1966, kí Fẹlá tó lọ sí Amẹ́ríkà rárá, háíláìfù àti sóòlù, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, sì ti ń pàdé níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ìró tuntun lè gbọ́ Jaiyede Afro tí òun àti ẹgbẹ́ The Heliocentrics jọ ṣe lọ́dún 2014. Peter King, onísáksófóònù tó dá ilé ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní ìhà Badagry, ní Miliki Sound ti ọdún 1975. Tony Allen fúnra rẹ̀, tó kú ní Paris ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ṣe The Source fún Blue Note lọ́dún 2017, jáàsì gan-an sì ni. Lágbájá kó bàtá àti gángan jókòó ti sáksófóònù, kò sì fi èyíkéyìí ṣe ọ̀ṣọ́ lásán.

Láàárín àwọn tó ń ṣeré lọ́wọ́ nísinsìnyí, ẹ gbọ́ Ezra Collective ti Lọ́ńdọ̀nù. Femi Koleoso ló ń lu ìlù wọn, TJ àbúrò rẹ̀ ló ń ta básì, orúkọ wọn sì ti sọ ibi tí wọ́n ti wá. Lọ́dún 2023 ni wọ́n gba ẹ̀bùn Mercury, èyí tí wọ́n ń fún àwo tó dára jù lọ́dún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn sì ni ẹgbẹ́ jáàsì àkọ́kọ́ tó gbà á. Kí ẹ tó ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ nípa wọn, kí ẹ gbọ́ ọwọ́ Femi kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ ó bá ọwọ́ Tony Allen níbẹ̀.

Fóònù lásán ni mo ní. Ṣé ó tó?

Ó tó, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ ọ láti ẹnu fóònù. Okùn tó nípọn jù lára gìtá básì máa ń gbọ̀n bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, sípíkà kékeré tó wà nínú fóònù kò sì lè gbé ohùn tó wà nísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde. Ìdajì orin ti lọ nìyẹn, ẹ ó sì máa rò pé orin ni kò lágbára. Íápíìsì olówó pọ́ọ́kú tó bo ihò etí dáadáa sàn ju sípíkà fóònù olówó ńlá lọ fún irú orin yìí.

Ní ti dátà, orin tí wọ́n gbé sórí ìwọ̀n 128 (kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) máa ń jẹ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì kan ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà “Chameleon” á gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 15. Lórí ìwọ̀n 320, á gbà tó 38. Fídíò a máa jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí dátà bá ti wà, kí ẹ máa gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn náà.

A ní rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ nínú ilé. Kí ni kí a ṣe sí i?

Ẹ má tò ó léra wọn. Ẹ tò ó ní ìdúró bí ìwé, jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, nítorí ooru máa ń ká a. Ẹ máa di etí rẹ̀ mú, kí ìka má kan ojú rẹ̀. Kí ẹ tó tà á fún ẹnikẹ́ni tó wá bá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya àwòrán ojú àti ẹ̀yìn páálí rẹ̀, níbi tí orúkọ àwọn eléré wà. Orúkọ ọ̀pọ̀ eléré Nàìjíríà kò sí níbòmíràn ju ẹ̀yìn páálí wọ̀nyẹn lọ.

Ibo ni a lè lọ láti fi ojú rí nǹkan tó jẹ mọ́ orin yìí?

Nínú ìlú yìí, ẹ lọ sí ilé ìdílé Ransome-Kútì ní Ìsàbọ̀, tó ti di ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Ẹ ó rí i níbẹ̀ pé ìyá Fẹlá, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, kì í ṣe àlàyé ẹ̀gbẹ́ ìwé nínú ìtàn ọmọ rẹ̀.

Fún eré ojúkojú, Felabration, ayẹyẹ orin tí wọ́n fi ń rántí Fẹlá, ni mo máa ń dábàá. Yẹni Kútì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1998, ọdọọdún ni wọ́n sì ń ṣe é ní oṣù kẹwàá ní New Afrika Shrine ní Ìkẹjà. Ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Agége, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Ìkẹjà mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ tó gbajúmọ̀ jù kì í tètè gun orí ìtàgé, kò sì sí ọkọ̀ ojú irin tí ẹ ó fi padà lóru, nítorí náà kí ẹ ti bá ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ kan sọ̀rọ̀ ibi tí ẹ ó sùn sí kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ lọ dúró sí ìhà ibi tí onílù wà, kí ẹ má sì bá wọn du àyè iwájú níbi tí sípíkà ńlá ti máa bo ìró háí-háàtì mọ́lẹ̀.